Ẹnu Ọmọ́bọ́lá àti Ẹ̀rọ Ebrima

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ló ń fa èrò, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dé àgbàlá Yaay Sukai ní Bundung, ní Gáńbíà, rí.

Ọmọ́bọ́lá ló ni tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀ ní ọdún 2008, ọmọ Ìkìrun tó ń ta síídì fíìmù ní Albert Market. Tòkunbọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, ọkùnrin méjì tó ń mí helehele ló sì máa ń gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Wọ́n á gbé e ka tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, Ọmọ́bọ́lá á so ẹ̀rọ síídì mọ́ ọn, á fi etí ìró rẹ̀ nu síídì, á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì. Àwọn obìnrin àdúgbò á ti dé tàwọn ti àpótí ìjókòó wọn. Ẹlẹ́pà á ti dé. Ẹni tó ń ta wọ́njó, omi ìṣápá tútù inú ọ̀rá, òun náà á ti dé.

Fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń wò, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá. Òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé, àwọn tó sì kàwé mọ̀ pé ìkọkúkọ ni. Ìyá ọkọ á sọ̀rọ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀, á pòwe, á ṣépè, á tún fi ti ìran ìyàwó kún un, ìwé ìsàlẹ̀ á kàn ní, "Inú ń bí mi." Ibẹ̀ ni Ọmọ́bọ́lá ti ń wọlé. Ó ti kọ́ èdè Wolof lọ́jà débi tó lè fi bú èèyàn kó sì tún fi bẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi Yorùbá sọ lórí gíláàsì, á fi Wolof gbé e jáde, á fohùn arúgbó sọ ti arúgbó, á fohùn ọ̀lẹ sọ ti ọ̀lẹ. Bí ọkùnrin inú fíìmù bá ń gbé Mushin, lẹ́nu Ọmọ́bọ́lá, Westfield ló ń gbé. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le, á tẹ rìmóòtù, àwòrán á dúró gbagidi, á kọjú sí wọn, á ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ta ló jẹ̀bi?" Wọ́n á dá ẹjọ́. Wọ́n á jà sí i. Àwọn mìíràn ò ní bára wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí ẹjọ́ bá parí ni fíìmù á tó máa lọ.

Àwọn obìnrin yìí ni ẹbí tí Ọmọ́bọ́lá ní ní gbogbo Gáńbíà. Ọkọ tó tẹ̀ lé débẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ sí Dákà, kò wẹ̀yìn. Lọ́jà, oníbàárà ni gbogbo èèyàn. Àgbàlá yẹn nìkan ni wọ́n ti ń pè é lórúkọ, tí wọ́n ń bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ẹni tó bá gba àgbàlá náà lọ́wọ́ ẹ̀, ilé ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn.

Ẹni tó fẹ́ gbà á sì dé lóòótọ́. Ebrima, ọmọ òdìkejì títì, ló ti Súwídìn dé pẹ̀lú kọ̀ntéínà. Wọ́n ń pè é ní Sẹmẹ́sítà, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá ti Yúróòpù wálé wá sinmi. Nínú kọ̀ntéínà náà ni tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wà, àti ẹ̀rọ orin onísípíkà márùn-ún, àti pirojẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ju àwòrán sára ògiri bí ìgbà tí èèyàn da omi.

Àwọn ọkùnrin tó ń mu àtáyà, tíì líle, lẹ́bàá ọ̀nà rí ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí fún odindi ọ̀sẹ̀.

"Tẹlifíṣọ̀n tí kò lẹ́yìn," Alasan télọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó ń da tíì láti ife dé ife, "ibo ló ń kó ìfun ẹ̀ sí?"

"Ó rọrùn láti gbé kọ́ ògiri," Babucarr, aládùúgbò rẹ̀, fèsì.

"Ó rọrùn fún olè náà."

Theodora ń kọjá lọ. Olùkọ́ ni, ọmọ Aku láti àárín Banjul, àwọn tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. "Kúṣẹ́ o," ó kí wọn, ìkíni kan ṣoṣo tó máa ń mú kí ara tu Ọmọ́bọ́lá, tó bá wọn jókòó, nítorí ó jọ ti ilé. "Ní pálọ̀ ìyá mi, aṣọ léèsì ni tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó ń bẹ lórí ẹ̀, ìkòkò òdòdó ń bẹ lórí ẹ̀. Pákó tí Sẹmẹ́sítà kó dé yìí, ibo ni ẹ fẹ́ gbé òdòdó lé?"

"Ẹ jẹ́ kó máa fi dáná," Ọmọ́bọ́lá dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ kejì. Ọmọ́bọ́lá wọ àgbàlá, ó bá Ebrima níwájú Yaay Sukai, opó àgbà tó ni ilé, ẹni tí gbogbo Bundung ń pè ní Yaay, ìyẹn ìyá.

"Yaay, mo fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun ògiri yín. Àwòrán á tóbi tó ògiri. Ẹ ò ní máa fún ojú pọ̀ wo àpótí kékeré mọ́."

"Àpótí kékeré ta ni?" Ọmọ́bọ́lá bi í láti ẹ̀yìn.

"Má bínú, Madam Nàìjíríà. Ayé ti kúrò níbi tí èèyàn ń dúró ti tẹlifíṣọ̀n, tí á máa pariwo. Ìwé ìsàlẹ̀ tí wọn ò rí kà lórí tìẹ, á tóbi bí ìlẹ̀kùn lórí tèmi."

"Ebrima, bí o kọ lẹ́tà ga tó mọ́sálásí, ẹni tí kò kàwé ò ní tìtorí ẹ̀ kàwé."

"Wọ́n á rí i pé ó dára lójú."

"Ata náà dára lójú. Fi sójú ná."

Yaay Sukai ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Kò gbójú sókè. "Èmi ò mọ ẹ̀rọ. Ìjókòó ni mo mọ̀. Ebrima, Sátidé tó ń bọ̀ jẹ́ tìẹ. Bọ́lá, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ tìẹ. Ẹni tí àwọn obìnrin bá jókòó tì dópin, òun ló ni àgbàlá mi. Ẹnì kejì á wá ibòmíràn lọ, kò sì gbọdọ̀ bínú sí mi."

Ẹ wá wo ìgboyà. Ọ̀dọ̀ Ọmọ́bọ́lá fúnra rẹ̀ ni Ebrima ti wá ra fíìmù tó fẹ́ fi bá a jà. Ọmọ́bọ́lá na ọwọ́ sẹ́yìn pátákó, ó fa èyí tó dùn jù yọ, ó ta á fún un.

"Ṣé orí rẹ pé?" Theodora bi í nígbà tí Ebrima lọ tán. "Èyí tí o ò tíì fi hàn wá ni o gbé fún un."

"Ọ̀bẹ mímú ni mo tà fún un. Bóyá ó mọ ẹran gé, ìyẹn ò kàn mí."

Sátidé Ebrima dé, àgbàlá kún dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri funfun báláú. Nígbà tí àwòrán jáde, tí ojú obìnrin kan ṣoṣo gba gbogbo ògiri, àwọn èèyàn hó yèè. Ká má purọ́, ọkàn Ọmọ́bọ́lá rẹ̀ wálẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn bí àlejò nílé ara rẹ̀, ó ń wò ó pé ó rẹwà, ó rẹwà gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Sípíkà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Márààrún bú bí àrá, adìẹ Yaay Sukai fo ọgbà lọ. Ìyá ọkọ ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri, ohùn rẹ̀ ń mi ewé máńgòrò.

"Kí ló wí?" Isha, aláròyé kan tó ń dirun ní Westfield, bi Theodora.

Theodora gbìyànjú láti ka ìwé ìsàlẹ̀ sókè, àmọ́ lẹ́tà ń sáré, sípíkà sì ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Ìyá ọkọ ṣí àpótí aṣọ, ó tú u títí, ó nàka sí ìyàwó. Isha dìde.

"Dá a dúró ká dájọ́."

"Dá kí ni dúró?" Ebrima pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. "Fíìmù kì í ṣe gẹlẹ-gẹlẹ tí ẹ ó máa dá dúró lójú ọ̀nà."

"Ọkọ̀ gẹlẹ-gẹlẹ gan-an ń dúró de èrò," Isha sọ, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lé orí, ó lọ.

Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wọn ò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n ń lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ fi kúnlẹ̀ fún ìyàwó lórí ògiri, tó ń sunkún, Alasan nìkan ló ṣì lajú nínú èrò, Yaay Sukai ti sùn lọ. Yàtọ̀ sí Ọmọ́bọ́lá, kò sẹ́ni tó mọ ìdí ìkúnlẹ̀ náà. Ebrima fúnra rẹ̀, tó ka gbogbo ìwé ìsàlẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ ni, "Dárí jì mí."

"Wọn ò tíì mọ nǹkan tó dáa ni," ó wí fún Ọmọ́bọ́lá, ó ń ká wáyà. "Tìẹ náà, a máa rí i. Tẹlifíṣọ̀n rẹ ti gbó."

Alasan ròyìn ìkúnlẹ̀ náà fún gbogbo àdúgbò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ìbéèrè kan ni Ọmọ́bọ́lá ń gbọ́ láti Bundung dé Albert Market: kí nìdí tí ìyá yẹn fi kúnlẹ̀? "Ẹ wá ní Sátidé," ni gbogbo ohun tó ń sọ.

Wọ́n wá. Fíìmù kan náà ni. Ọmọ́bọ́lá wọlé sí i pẹ̀lú agbára, àmọ́ ìyàwó ò tíì wọlé ọkọ dáadáa tí tẹlifíṣọ̀n fi dún tàà. Àwòrán fún pọ̀ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, ó di ìlà funfun kan ṣoṣo láàárín gíláàsì bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọmọ́bọ́lá gbá a létí, bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó gbá a lápá kejì. Ìlà náà ò mira. Ohùn nìkan ló ń jáde.

Ebrima wà lẹ́nu géètì, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Madam, ohun tí mo ń sọ nìyẹn."

Rìmóòtù tutù lọ́wọ́ Ọmọ́bọ́lá. Ó rí Isha tó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ti parí, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Mo ti di ẹni tó ń kó ẹrù.

Isha gbé àpótí náà wá síwájú, ó fi lélẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó.

"Kí lo dúró wò?" ó bi í. "Àwòrán ti wà lójú wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ló kù. Sọ ọ́."

Àwọn tó kù sún mọ́ ọn. Ẹ̀mí Ọmọ́bọ́lá padà bọ̀ sára. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbájá mọ́ ìdí, ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó di ìyá ọkọ. Ó gbọ́ gbólóhùn kan látinú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ rìmóòtù, ó sọ ọ́ ní Wolof pẹ̀lú òwe rẹ̀ àti èpè rẹ̀. Ó yí sápá kejì, ó di ìyàwó. Ó jókòó sórí tábìlì, ó sọ orí kodò, ó di ọkọ tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín sì pa àwọn obìnrin débi tí wọ́njó ń dà. Àwọn ọkùnrin fi àtáyà sílẹ̀ lórí iná. Ebrima kúrò lẹ́nu géètì, ó fara ti ògiri. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, ó ti jókòó sórí ilẹ̀.

Ìyá ọkọ ṣí àpótí aṣọ, góòlù ò sí níbẹ̀, ó ní ìyàwó ló jí i. Ọmọ́bọ́lá tẹ rìmóòtù.

"Ta ló jẹ̀bi?"

"Ìyá," àwọn kan wí. "Ìyàwó tí kò sọ̀rọ̀," àwọn mìíràn wí.

"Ọkọ ni," ohùn ọkùnrin kan wí láti ìsàlẹ̀. Ebrima ni. "Ó mọ ẹni tó kó góòlù, ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ fi hàn."

"Sẹmẹ́sítà," Isha sọ, "ta ló pè ọ́ sí kóòtù?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Mo ti wo nǹkan yìí dópin, kò yé mi. Kí nìdí tí ìyá fi wá kúnlẹ̀?" Ó yíjú sí Ọmọ́bọ́lá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àǹtí Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá a lọ."

Ó pè é ní Àǹtí, ó sì fi "ẹ" pọ́n ọn lé. Gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ. Ọmọ́bọ́lá ní kí wọ́n fún òun lómi mu ná, ó sì rọra mu ún. Ìgbà yẹn ló tó sọ bí àbúrò ọkọ ṣe kó góòlù tà, bí ìyá ṣe bá rìsíìtì lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tó fẹ́ràn jù, tí kò sì lè sùn mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Isha, ó fi ẹnu arúgbó bẹ ìyàwó. Isha, tí kì í sunkún fún ẹnikẹ́ni, bú sẹ́kún, ó sì gbá a mọ́ra bíi pé òun ni wọ́n fẹ̀sùn olè kàn lóòótọ́.

Yaay Sukai dìde, ó wo àgbàlá láti igun dé igun. Kò sí àpótí kan tó kúrò nílẹ̀.

"Tẹlifíṣọ̀n kú," ó wí, "wọ́n jókòó. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ? Bọ́lá, àgbàlá rẹ nìyí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún wá bi mí."

Àtẹ́wọ́ dún. Wọ́n gbé Ọmọ́bọ́lá sókè, bó ṣe tóbi tó yẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà kanlẹ̀, Ebrima ò sí níbẹ̀ mọ́. Alasan ní ìtìjú ló lé e lọ. Àmọ́ ó tún yọ lẹ́nu géètì, pirojẹ́kítọ̀ lábẹ́ apá, wáyà lọ́rùn bí ẹ̀gbà.

"Wọ́n á fẹ́ rí ìkúnlẹ̀ yẹn nísinsìnyí tí wọ́n ti mọ ìdí ẹ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ n so ó mọ́ ẹ̀rọ síídì yín."

"Sípíkà ńkọ́?"

"Mi ò gbé wọn wá."

Ọmọ́bọ́lá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò sì kánjú. Ó fi rìmóòtù nàka.

"Gbé e síbí. Rárá, sẹ́yìn díẹ̀, má bo Yaay lójú. Sẹ́yìn sí i." Ebrima ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, àwọn obìnrin sì ń ká ẹsẹ̀ kò fún un. "Ó tó. Jókòó tì í, bí mo bá ní dá a dúró, kí o dá a dúró."

"Ẹ ti sọ ọ́," Ebrima dáhùn, ó sì tan ẹ̀rọ.