Obìnrin Onídùúró

"Ìyá Àfísù, obìnrin kì í ṣe onídùúró. Ẹ lọ mú ọkùnrin wá."

Ohun tí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ìlú wa sọ fún mi nìyẹn níwájú gbogbo èèyàn. Èmi Jàrátù, tí mo kọ́lé sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, tí mo ní oko kaṣú tèmi! Wọ́n ní ọmọ mi Àfísù ń da ìlú rú, ni wọ́n bá tì í mọ́lé. Kí ló ṣe? Ó sọ lórí rédíò pé ẹ̀rọ omi tí káńsù fi ariwo ṣí, ẹ̀kán omi kan ò tíì jáde níbẹ̀. Ṣé irọ́ ló pa ni? Wọ́n gbà láti fún un ní béèlì, àmọ́ òfin káńsù kan wà láti ayé òyìnbó, tó ní ọkùnrin nìkan ló lè dúró fún èèyàn.

Bàbá Àfísù ti kú. Mo tọ Mùstàfá àbúrò rẹ̀ lọ.

"Ìyàwó, màá dúró fún un," ó ní. "Ṣùgbọ́n oko kaṣú yẹn, jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹbí."

Oko tí mo fi ọwọ́ ara mi ro!

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò ní fi oko ra ọmọ tí mo fúnra mi bí."

Mo délé, mo bú sẹ́kún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọmọ mi ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì torí pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin.

Lọ́yà kan wà ní Òrò tó ń jẹ́ Bilqis, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní, "Mà, ìwé òfin Nàìjíríà ti to ẹ̀tọ́ wa sílẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan dù wá torí pé a jẹ́ obìnrin. Òfin yòówù tó bá ta kò ó, ilé ẹjọ́ gíga lè wọ́gi lé e."

"Tí wọ́n bá wọ́gi lé e, kí ló kù níbẹ̀?"

"Bébà lásán ni, mà."

Ó di ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin. Lọ́yà káńsù ń lọgun pé òfin àwọn dàgbà ju ìwé òfin ilẹ̀ lọ. Adájọ́ àgbà wò ó títí.

"Ọjọ́ tí ìwé òfin ilẹ̀ dé ni tiyín ti kú," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ò tíì sin ín."

Wallahi, ẹ̀rín pa mí nínú kóòtù.

A mú ìdájọ́ náà padà wálé. Mùstàfá ti jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀, ó ń retí kí n wá bẹ òun. Adájọ́ ka ìwé náà, ó tún un kà, ojú rẹ̀ korò.

"Ta ló máa dúró fún Àfísù?"

"Èmi ni."

Akọ̀wé mú báírò. "Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Ṣé ọkọ mi ló ń dúró ni? Ẹ kọ Jàrátù."

Ó kọ ọ́. Wọ́n mú Àfísù jáde, ó ti rù hangogo, ojú mi sì kún fómi. Adájọ́ nàka sí mi.

"Ẹ gbọ́ o. Tó bá tún lọ pariwo káńsù lórí rédíò, ẹ̀yin onídùúró la máa wá mú. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà."

Mo fọwọ́ síwèé, mo sì yíjú sí ọmọ mi.

"Àfísù, máa sọ̀rọ̀ lọ."