Ràkúnmí Àwọn Ọmọ Ilé-Kéwú

Ràhímátù jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò fi ṣe àwàdà o. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n tò fún àwọn olùkọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdíje róbọ́ọ̀tì, nítorí ó mọ ara rẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá rí nǹkan tó bàjẹ́, kì í dúró gbàṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ òfin ìdíje náà kò gba gbẹ̀rẹ́: olùkọ́ tó bá kọjá okùn pupa, tàbí tó bá ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde nìyẹn.

Ràkúnmí sì ń dójú tì wọ́n níwájú gbogbo èèyàn.

Ràkúnmí ni àwọn ọmọ náà sọ róbọ́ọ̀tì wọn, nítorí bó ṣe máa ń tẹ̀ ba kó tó gbé ẹrù. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò ju pé kó kó òfìfo agolo mílíìkì láti ìkángun kan pápá eré, kó fi gun pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín, kó sì dà wọ́n sínú àpótí lódì kejì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ó máa ń ṣe é bí ẹni ń mumi. Níbí, bó bá ti gun pákó dé ìdajì báyìí, táyà rẹ̀ á máa yí lásán, á fẹ̀yìn rìn padà sílẹ̀, agolo á fọ́n ká, èrò á bú sẹ́rìn-ín.

Ilé-kéwú Alfa Àbdùlsàlámì ní àdúgbò Sauka Kahuta ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Alfa ni bàbá Ràhímátù. Nígbà tí Ràhímátù, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní yàrá ẹ̀yìn kí òun lè máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì, Alfa gbà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irin ti fẹ́ gba àyè kéwú mọ́ ọn lọ́wọ́. Alfa kì í pariwo. Ó kàn pe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

"Ràhímá, ìdíje yìí ni mò ń wò. Bí ẹ bá wà lára àwọn tó máa lọ sí àṣekágbá rẹ̀ ní Àbújá, mo ti rí ohun tí n ó fi dá àwọn èèyàn lóhùn nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gba yàrá mi padà. Àwọn ọmọ kéékèèké ń jókòó sínú oòrùn."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Kò sì sí yàrá mìíràn. Ilé tí Ràhímátù ń gbé ní Tunga Low Cost, bí èèyàn bá na ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ó ti dé kíṣìnì.

Adébọ̀dé, olùkọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rélùwéè, tó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá, tí róbọ́ọ̀tì wọn sì ti ṣe dáadáa, fara sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Màlámà, ràkúnmí yín ò tíì mumi lónìí ni?"

"Ó ń fún tiyín láyè kí wọ́n fi ṣe fáàrí díẹ̀ ni."

"Haba! Ẹnu yín mú o. Ọwọ́ yín ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó lé e?"

"Kó má lọ fọ́ yín létí ni."

Wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè díẹ̀ láti tún ẹ̀rọ wọn ṣe kó tó tún sáré lẹ́ẹ̀kan sí i. Labibah àti Arifah, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ràhímátù méjèèjì, kúnlẹ̀ ti Ràkúnmí. Arifah ti gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Wallahi, mọ́tò ni. Jẹ́ n fi agbára kún un."

Ràhímátù gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ohun tí òun náà ì bá ṣe nìyẹn.

Labibah dìde, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀. Òun àti Arifah nìkan ni kò wọ bàtà nínú pápá náà. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé-kéwú Alfa, nítorí náà, láìrò ó, àwọn méjèèjì ti bọ́ sílípáàsì wọn sí etí pápá bí ẹni ń wọ mọ́sáláṣí. Àwọn ọmọkùnrin inú ẹgbẹ́ yòókù ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Arifah, fi ẹsẹ̀ ra ilẹ̀ wò."

"Kí ló dé?"

"Ṣe é ná!"

Arifah ṣe é. "Kai! Iyanrìn!"

"Eruku ọyẹ́ ni. Gbogbo bàtà tó ń wọlé látàárọ̀ ló ń gbé e wá. Ó wà lórí pákó, ó wà lára táyà wa."

Ràhímátù fúnra rẹ̀ ló yan táyà oníke dídán yẹn, nítorí pé ó fúyẹ́. Inú yàrá tí wọ́n ń gbá kí kéwú tó bẹ̀rẹ̀, tí bàtà kì í wọ̀, ni wọ́n ti ń dán an wò. Kò fìgbà kan ronú kan iyanrìn. Bí wọ́n bá sì fi agbára kún mọ́tò, ńṣe ni táyà náà ì bá túbọ̀ máa yí lórí asán.

Labibah da omi ìgò díẹ̀ sí etí híjáàbù rẹ̀, ó fi nu táyà. Arifah tú rọ́bà tó di wáyà inú àpótí irinṣẹ́ wọn, ó ń wé e mọ́ táyà kí ó lè rí ilẹ̀ dì mú. Ọ̀kan já. Ó mú òmíràn. Èyí tó wé mọ́ táyà òsì lọ́ pọ̀, Ràhímátù sì rí i. Bó bá dé orí pákó, yóò bọ́.

Kò mọ ìgbà tó dìde. Orúnkún rẹ̀ ti kan okùn pupa, ẹnu rẹ̀ ti là.

"Màlámà," Adébọ̀dé sọ kẹ́lẹ́, kò ṣàwàdà mọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ràhímátù pa ẹnu dé. Níwájú, Arifah fi ìka kan yí táyà òsì po. Ìka náà dúró níbi tí rọ́bà ti lọ́. Ó yínmú, ó tú u, ó tún un wé.

Ràhímátù jókòó. Ọ̀tẹ̀ yìí, orí itan ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

Nígbà tí fèrè dún, Ràkúnmí tẹ̀ ba, ó gbé agolo, ó kọjú sí pákó. Ó dé ìdajì. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, rọ́bà sì di pákó mú. Ó gòkè, ó sọ̀ lódì kejì, ó da agolo sínú àpótí gbàràgàdà. Adébọ̀dé ló kọ́kọ́ fi Hausa yìn wọ́n, ó ké "Madalla!" kó tó rántí pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà wà nínú ìdíje.

Wọ́n pe orúkọ àwọn tó ń lọ sí Àbújá. Ti Adébọ̀dé wà níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ ilé-kéwú ló ṣáájú.

"Madam," ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bi í, "kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yẹn?"

"Mo jókòó," ni Ràhímátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni kí ẹ lọ bi."

Ní Sauka Kahuta, Alfa jókòó sórí ẹní, Labibah àti Arifah ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, Yorùbá lápá kan, Hausa lápá kejì. Alfa fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi parí. Ó wo Ràkúnmí yípo. Lẹ́yìn náà ó fa fóònù yọ, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrin.

"Ilé-kéwú mi ni! Bẹ́ẹ̀ ni, Àbújá! Irin tó ń rìn, tó ń gbẹrù… Ta ni? Àwọn ọmọ mi ni! Rárá o, wọn ò kọ́ ọ níbòmíràn, inú yàrá mi níbí ni."

"Bàbá," Ràhímátù rọra wí, "yàrá náà ńkọ́?"

Alfa fi ọwọ́ bo fóònù.

"Yàrá wo? O ò rí i pé mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni? Ẹ lọ kó ẹrù yín sí i." Ó gbé fóònù padà sí etí. "Ẹ̀n-ẹ́n, níbo ni mo bá a dé?"