Ìlà Kẹta Lọ́rùn Gìtá

…àbí kí n fi irin yìí sílẹ̀ lójú ìlà kìn-ín-ní bí mo ṣe ṣèlérí fún Mineko? Rárá. Mi ò ní í fi í sílẹ̀. Èwo ni ti ìlérí? Òun náà ṣèlérí fún mi nígbà kan rí, nínú yàrá wa kékeré ní Matsumoto, nígbà tí a jọ ń pín ìdì ìrẹsì kan jẹ — "Ẹ̀gbọ́n Setsuo, àwa méjèèjì la jọ máa kọrin dọjọ́ alẹ́" — àwọn ará Tokyo nawọ́ sí i, kò bojú wẹ̀yìn.

Irin kékeré kan báyìí. Kápò. Kò tó ìka mi ní gígùn. Ó ń di okùn gìtá mọ́lẹ̀ lọ́rùn, ibi tí mo bá sì fi í sí ni orin máa gbà. Lójú ìlà kìn-ín-ní, orin á wálẹ̀, arúgbó á kọ ọ́ láìsí wàhálà. Lójú ìlà kẹta… ibẹ̀ ló wà nígbà tí a ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, nígbà tí Mineko jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ti lé ní àádọ́rin báyìí. Kó gun òkè náà ká wò ó.

Òun nìyẹn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń mi orí sí orin ẹni tó wà lórí ìtàgé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Rẹ́rìn-ín o, Mineko. Rẹ́rìn-ín dáadáa.

Lówùúrọ̀, nígbà tí a ń dán ẹ̀rọ wò, ó sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ orin yẹn kalẹ̀ díẹ̀. Ohùn mi ti darúgbó." Mo ní àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. "Mo mọ̀. Ẹ ṣáà ṣàánú mi." Àánú! Ó tẹrí ba fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìbàdí, níṣojú Tokuda tó ń mójú tó ẹ̀rọ ohùn. Tokuda sáré yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ń tì í fún un. Ta ni ojú ò ní í tì? Mo ní ó dáa, mo ti gbọ́. Inú mi dùn, mi ò ní í parọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí orí yẹn wálẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú egbò hàn mí. Ṣé kí n má tẹ̀ ẹ́ ni?

Nítorí ta ló kọ orin? Èmi. "Ìbọ̀wọ́ Ẹyọ Kan." Èmi ni mo jókòó nínú òtútù, tí mo ń wo ìbọ̀wọ́ kan tí Mineko gbàgbé sórí tábìlì mi, tí mo fi ìyẹn kọ orin tí gbogbo ọmọ iléèwé ń sunkún sí lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tèmi. Ohùn rẹ̀, tèmi. Kí wá ni wọ́n ń pè é? Orin Mineko. Ní Suwa lóṣù tó kọjá, níbi tí àwọn tó fẹ́ ká buwọ́ lu rẹ́kọ́ọ̀dù tò sí, ìyá arúgbó kan wo ojú mi títí. "Áà! Ẹ̀yin lẹ máa ń ta gìtá fún un, àbí?"

Fún un.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo buwọ́ lù ú. Díẹ̀ ló kù kí kálàmù dá ihò sí i.

Ó lọ sí Tokyo, èmi padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Iida, mo ń gbé kẹrosíìnì kiri inú yìnyín láti ilé dé ilé. Orin tó dá kọ kò tà. Mo gbọ́, mo ra ọtí fún ara mi. Ó fẹ́ oníṣègùn eyín. Oníṣègùn eyín kú. Mi ò fi àpò owó ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, ohun tí ọ̀tá pàápàá ń ṣe. Ìgbà tí àwọn tó ń kó olórin àtijọ́ kiri wá pè é, ó ní bí kì í bá ṣe pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Setsuo, òun ò lọ. Kò lè lọ! Kí ló fẹ́ dá dúró ṣe? Eérú ń tọ ẹni tó dà á.

Ohùn tèmi ṣì wà. Ibi tí orin ti fẹ́ parí, orí ohùn tirẹ̀ ni tèmi ń gùn, ọkùnrin tó ń kọrin bí ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ṣe kọ ọ́ nígbà náà. Mo gbé e lówùúrọ̀ yìí. Mo gbé e… dé ìwọ̀n. Ní Suwa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mi kú gan-an nígbà tó kàn mí. Ní Komoro náà, ó kú níbẹ̀. Tokuda ò mọ iṣẹ́ ni. Mo ti fẹ́ gbá a létí, Mineko ló dì mí mú: "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ni. Mo ti bá a sọ̀rọ̀." Ó sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ kí á tó jáde. Kí ni wọ́n ń sọ ná? Ẹjọ́ tiwọn.

Ọmọ onílé ìtura tí a sùn sí, ìyẹn ló ní ohùn. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ láti ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin, ó ń gòkè, ó ń gòkè, kò já. Ìgbà èwe dára.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó kàn wá.

Iná ń ta sí mi lójú. Gbọ̀ngàn kún, àwọn tí bọ́ọ̀sì kó wá, aṣọ òtútù lórí orúnkún wọn. Mineko ti gba ẹ̀rọ, ó ń kí wọn. "Òde tutù o! Ẹ kú ìrìn o! Ẹ wo Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ó jù mí lọ o, ẹ wo irun rẹ̀ bó ṣe dúdú. Ó kùn ún ni o!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìka mi ti wà lára irin. Ìlà kìn-ín-ní… ìkejì… ó dúró lójú ìkẹta.

Mo ta okùn.

Ó yíjú. Ó mọ̀ — ó ti mọ̀ látorí okùn àkọ́kọ́. Ẹ̀rù dà? Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rù. Ó kàn ń mi orí fún mi díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ iná.

Kọrin. Kọ ọ́ ká gbọ́.

Ó ń kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. Dúró ná. Òkè ń bọ̀. Ó ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Báyìí — já! Já, mo ní! —

Kò já.

Ó gòkè. Ó mọ́ gaara. Ó dúró sókè níbẹ̀, kò mì, ó… mo mọ ohùn yìí. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ ọ. Ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe ọmọ onílé ìtura.

"Ohùn mi ti darúgbó." Ohùn ta? Bí ohùn rẹ̀ bá wà báyìí, ohùn ta ló ń… Tokuda tó yíjú. Ẹ̀rọ tó kú ní Suwa. Tó kú ní Komoro. *Mo ti bá a sọ̀rọ̀.* Rárá. Ẹ dúró. Ìka mi ò dúró, orin ò dúró, a ò lè sún irin láàárín orin. Lónìí, a ti jọ fẹnu kò láti sọ orin kalẹ̀, Tokuda ò ní ìdí láti pa ẹ̀rọ mi. Ó wà ní títàn. Ibi tèmi ń bọ̀. Ó ti dé.

Mo la ẹnu.

Ohun tó jáde… ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Ẹ̀rọ gbé e kárí gbọ̀ngàn. Obìnrin kan ní iwájú tẹjú mọ́ orúnkún ara rẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n ní kó dákẹ́.

Mineko sún mọ́ mi. Ó nawọ́ sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n gba apá tirẹ̀ nínú orin kọ, wọ́n gbà á, gbogbo arúgbó ilé. Òun wá gun orí ohùn wọn, ó gbé apá tèmi, láìsí àléébù kankan, ọ̀rọ̀ mi, ohùn mi, kò sí ẹni tó tún gbọ́ mi mọ́. Nítorí mi ló ṣe tẹrí ba dé ìbàdí láàárọ̀. Ọ̀fun tèmi ló bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Irin wà lójú ìlà kẹta. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, èmi sì ń ta gìtá fún un.