Orin Nọ́ọ̀sì Margaret

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé orin mi wà nínú ìwé tó ò ń kọ yẹn?" Nọ́ọ̀sì Margaret ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bi í.

Àrínọlá rọra pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Mushin, tó ń ṣèwádìí nípa bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń bá aláboyún sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Margaret ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Kò síná, ìbọ̀wọ́ ò tó, èrò pọ̀ bí nǹkan míì, síbẹ̀ yóò kọrin, yóò jó, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe orin tí wọ́n fẹ́ràn jù:

"Ẹni tó gba ilé alágbo lọ, ẹ bá mi kí i o, ẹ kí i kú ìtìjú."

Gbogbo wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ká má parọ́, Àrínọlá náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Jameelah ní Pápá Àjàó.

Jameelah ti forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn náà nígbà tó lóyún. Ó jẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń mu àgbo lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò. Bí wọ́n ṣe dá orin lọ́jọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Margaret nawọ́ sí i, gbogbo èrò sì yíjú wò ó. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ló bímọ sí, ọmọ náà ò sì ké.

"Wọn ò nà mí, àǹtí," Jameelah ní. "Orin ni wọ́n kọ. Mi ò kàn lè jókòó sáàárín wọn mọ́ ni."

Èwo ni ṣíṣe? Ọ̀gá Àrínọlá ní yunifásítì ní kó má ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn lẹ́nu ọ̀gá. Orin tí gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó ni ín, orúkọ wo ló kù tí wọ́n fẹ́ bò? Kí obìnrin tó ṣe é lóore yìí wá ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ìyẹn ò dáa. Kí òun sì gbé ọ̀rọ̀ Jameelah mì, ìyẹn burú jù.

Àrínọlá bá sọ ohun tí orin náà fà fún Nọ́ọ̀sì Margaret. Ó rọra sọ ọ́, kò dárúkọ Jameelah, ó ní òun rí gbogbo làálàá wọn, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti ẹnìkan. Nọ́ọ̀sì Margaret ò bá a jà. Ì bá sàn kó jà.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Kò yè, mà."

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. "Torí kí wọ́n má baà kú síbẹ̀ ni mo ṣe ṣe orin yẹn."

Nígbà tí ọjọ́ aláboyún tún kò, Nọ́ọ̀sì Margaret dúró níwájú wọn, ó pàtẹ́wọ́, ohùn ò jáde. Obìnrin kan lẹ́yìn rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún, ló bá bá a dá orin ilé alágbo. Gbogbo wọn gbè é. Nọ́ọ̀sì ń juwọ́ pé kí wọ́n dákẹ́, wọ́n rò pé ó ní kí wọ́n gbé e sókè ni, wọ́n sì gbé e sókè.

Nítòsí ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin kan dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó jáde. Àrínọlá ju ẹ̀rọ tó fi ń gbohùn sílẹ̀ sórí àga, ó sáré tẹ̀lé e. Nígbà tó fi dé géètì, kò rí ọmọbìnrin náà mọ́. Ó bi àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kíyè sí i.