Ìka Bassirou

"Ìbọn yìí ló wọ́, kì í ṣe èmi!"

Bassirou gbé ìbọn ìléwọ́ náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọta márùn-ún ló ti yìn, apá òsì nísàlẹ̀ páálí tí wọ́n ń yìnbọn sí ni gbogbo wọn já sí. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Kika. Bó bá tún kùnà nínú ìdánwò ìbọn tòní, ìdí tábìlì ni wọn yóò gbé e sí ní Tchaourou, kó máa lu òǹtẹ̀ mọ́wèé. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé ìwé ẹ̀sùn tó kọ wà lápò rẹ̀: ó ní Tairou tó ń tọ́jú ìbọn kò mọṣẹ́ mọ́. Tairou, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ìjọba àwa-ara-wa tó dé, jókòó sábẹ́ igi kajú, ó ń nu ìbọn mìíràn.

Àdùkẹ́, olùkọ́ tí wọ́n rán wá láti Parakou, mú ìbọn náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí Bassirou lè fi apá kan gbé ni o! Ó yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lè bo gbogbo ihò rẹ̀ láàárín páálí.

"Tonton, ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn yìí dáa." Ó kẹ̀yìn sí Bassirou, ó ki ọta sí ìbọn náà, ó gbé e fún un. "Ẹ yìn ín."

Bassirou fà á. Kò dún. Síbẹ̀, ẹnu ìbọn mi orí bí alángbá. Ọta tí kò ní ẹ̀tù ni Àdùkẹ́ ti fi sí i! Ojú ti Bassirou gan-an.

"Ẹ̀ ń sá fún ariwo kó tó dún," ni Àdùkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ìka yín sì wọlé jù. Ibi tó rọ̀ lórí ìka nìkan ni kó kan gâchette tí ẹ ń fà. Ẹ fà á bọ̀ tààrà, díẹ̀díẹ̀, kí ariwo náà bá yín lójijì."

Ó kó gbogbo ọta kúrò, ó wá gbé kóró kajú kan lé ẹ̀yìn ìbọn. "Kò gbọdọ̀ já bọ́."

Bassirou fà á, kajú já bọ́. Ó tún já.

"Chef, ọ̀gá wa, ṣé ẹ ti ń kórè kajú ni?" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Àdùkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá já ló ń bẹ̀rẹ̀ mú un, tó ń gbé e padà síbẹ̀. Irú olùkọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n! Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, Bassirou fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kajú kò mì.

Wọ́n wá fún un ní ọta gidi márùn-ún. Mẹ́rin wọ àárín páálí, ìkarùn-ún kan etí rẹ̀.

"Voilà!" ni Àdùkẹ́ wí. Ó yege.

Bassirou kò fò sókè. Ó yọ ìwé ẹ̀sùn náà lápò, ó fà á ya, ó rìn lọ sábẹ́ igi kajú, ó sì bẹ̀rẹ̀ níwájú Tairou lójú gbogbo wọn.

"Tonton, ẹ foríjì mí. Ìbọn yín kò ṣẹ̀. Ìka mi ni."

Tairou gbé ìbọn tó ń nù sílẹ̀.

"Mo mọ̀," ni bàbá náà wí. Ó na ọwọ́. "Mú ìbọn tìrẹ wá, kí n bá ọ nù ún."