Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

"Tún un kà," ni tíṣà wí.

Ọmọbìnrin kan dúró níwájú kíláàsì, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó fo méjì, ó dákẹ́. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tí ọ̀gá ilé ìwé pè wá tún fèrèsé ṣe, ti wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku pákó lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà." Ohùn rẹ̀ le.

"Ẹ ǹ lẹ́, sà. Ó dáa tẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ọdún kejì rèé nínú kíláàsì kan náà. Olódo ni."

"Ọmọ tó ń bá mi wọn pákó, tí kì í ṣì í wọ̀n, lẹ pè lólódo?"

"Pákó kọ́ ni ìwé, sà."

"Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ bi í ní ohun tẹ́ ẹ kọ́ wọn, kó fẹnu dáhùn."

Tíṣà yínmú, ó ní kí ọmọ náà sọ bí òjò ṣe ń rọ̀. Ó sọ ọ́: bí oòrùn ṣe ń fa omi sókè, bí omi ṣe ń di ìkùukùu, bí ìkùukùu ṣe ń wúwo. Ó ń fọwọ́ yà á sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Tíṣà bi í ní ìbéèrè mẹ́rin sí i. Kò ṣi ọ̀kankan.

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́ nínú ìdánwò?"

"Àwọn lẹ́tà kì í dúró lójú kan, mà. Mo sọ fún yín. Mo sọ fún bàbá mi náà."

Òótọ́ ni. Ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́líìtì ni bàbá fi dá a lóhùn. Ìbínú tí káfíńtà gbé wọlé kò rọ̀. Ara rẹ̀ ló wá kọjú sí.

"Ẹ jẹ̀bi, tíṣà. Tèmi ló burú jù." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́."

Ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó padà sí ìjókòó rẹ̀.

Káfíńtà kò kúrò ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé títí ìyẹn fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ni ọmọ náà yóò máa fi ṣe ìdánwò, àti pé àwọn yóò wá olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú rẹ̀ ní ìwé kíkà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò dì í mú. Bàbá kò bá a wí. Ó rọra ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.