Kọ́bọ́ọ̀dù Ìbọn Nadine

“Nadine, ìbọn tí o fún mi ní Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe tèmi.”

Orrin Sprague gbé ìbọn ìléwọ́ náà lé orí kántà, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè. Nadine Pruitt wá awò ojú rẹ̀ wọ̀. Lóòótọ́, lẹ́tà W ni wọ́n fín sí ìdí ìbọn náà, kì í ṣe O. Ìbọn Wendell, àbúrò Orrin, ni ó gbé fún Orrin, ó sì ti gbé ti Orrin fún Wendell. Ọjọ́ karùn-ún rèé.

Bàbá wọn ló ra ìbọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí àwọn ọmọ má baà jowú ara wọn. Owú tí bàbá ń sá fún kò ṣàì dé. Ọdún mẹ́fà nìyí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń du kànga kan tó wà láàárín pápá ìjẹko màlúù àwọn méjèèjì, wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Agbẹjọ́rò ló ń bá wọn kí ara wọn.

Nadine béèrè bóyá ẹlòmíràn ti gbọ́. Orrin ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi àwọn tí àwọn jọ mu kọfí láàárọ̀ yẹn ní ilé oúnjẹ tó wà lójúde. Nadine di ojú. Ohun tí wọ́n bá sọ nídìí kọfí yẹn, ká kúkú kà á lórí rédíò ló kù.

Kò sí ọjọ́ tí irú àṣìṣe yìí ì bá bọ́ sí tí ì bá burú tó Ọjọ́ Ajé yìí. Ọdún kejìlélógún rèé tí Nadine ti ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́ Tolliver, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà wà, tó ń fún àwọn ènìyàn ní nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó. Pátákó kan wà lókè ilẹ̀kùn tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn olóko àlìkámà ló ń gbé Tolliver, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ọkùnrin tó bá fi ìbọn sílé níbẹ̀ a sì máa fọwọ́ pa ìbàdí bí ẹni tó gbàgbé fìlà. Wọn kò sì fẹ́ fi í sínú ọkọ̀. Nítorí náà Nadine ni wọ́n ń gbé e fún. Á yọ ọta inú rẹ̀, á tì í sínú ọ̀kan nínú àyè ogún tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù onígi tí wọ́n ń kó lẹ́tà sí láyé àtijọ́, á fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ tó ní nọ́ńbà há a lára, á sì fún olówó ìbọn ní ìkejì pẹ́ẹ̀gì náà. Á bi í léèrè ìyàwó, á bi í léèrè òjò, ọkùnrin náà á sì gun òkè lọ bá adájọ́ pẹ̀lú ìbàdí tó fúyẹ́. Kò sí òfin tó ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún méjìlélógún wá, ariwo tí wọ́n ń pa lókè kò tí ì ju ariwo lọ. Inú Nadine dùn sí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ju bó ṣe ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ.

Ní báyìí, omi tuntun ti rú. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé ilé ìjọba tí kò bá fẹ́ ìbọn nínú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ àti ẹ̀rọ tó ń yẹ ara wò ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó yọ pátákó rẹ̀, kí oníbọn máa gbé ìbọn rẹ̀ wọlé fàlàlà. Ní aago mẹ́wàá òní ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta tó ń darí ìjọba ìbílẹ̀ yóò dìbò lé e lórí. Ní aago mọ́kànlá, ẹjọ́ àwọn Sprague yóò tún tẹ̀ síwájú lókè.

Nadine pe Wendell lórí fóònù pé kó gbé ìbọn náà bọ̀. Wendell ní òun ti rí i láti ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ bí òun bá dá a padà, àwọn kan á ní òun jí i. Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, Nadine lọ jókòó sí yàrá ìpàdé. Lyle Brandvold ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ìgbìmọ̀ náà. Nadine ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Òun ló fẹ́ kí wọ́n yọ pátákó, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ìkà kì í ka pátákó, ẹni rere nìkan ló ń kà á. Kódà Nadine mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lyle yíjú sí i.

“Àǹtí Nadine, ẹ má bínú o. Ṣé òótọ́ ni pé ìbọn àwọn Sprague ti pààrọ̀ lọ́wọ́ yín?”

“Òótọ́ ni. Mi ò wo ìdí wọn. Ẹ̀bi mi ni.”

“Tí oníkálukú bá mú tiẹ̀ dání, ta ló máa gbé ti ẹni ẹlẹ́ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nadine dìde dúró.

“Lyle, kì í ṣe ìbọn gan-an ni mò ń tọ́jú. Wákàtí kan tí èèyàn máa lò lókè, tí wọ́n á sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn fún un, òun ni mò ń tọ́jú. Ẹni tínú ń bí tọ́wọ́ ẹ̀ ṣófo, ẹnu ló máa fi jà.”

Lyle fọwọ́ họ orí. Ó hàn pé kò fẹ́ sọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. “Èyí tó wà nínú báàgì yín ńkọ́, mà?”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ìbọn kékeré tí ọkọ Nadine tó ti kú rà fún un nítorí ọ̀nà oko tó dá páropáro, inú báàgì lábẹ́ kántà ló ń gbé láti ọjọ́ yìí wá, ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọlé. Ojú ti Nadine gidigidi.

“Ó wà níbẹ̀,” ni ó wí, ó sì jókòó.

Méjì sí ọ̀kan ni ìbò náà. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹni tó ń tún ilé ṣe ti tú pátákó kúrò. Ihò mẹ́rin àti ojú ògiri funfun kan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Nadine padà sídìí kántà rẹ̀, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo. Ó dùn ún pé òun fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé Lyle kò parọ́ mọ́ ọn. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Wendell wọlé, tòun ti ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbàdí. Orrin dìde lórí bẹ́ǹṣì tó ti ń dúró dè é. Ìbọn Wendell, tó ti gbà padà lọ́wọ́ Nadine nígbà tí wọ́n tú pátákó, wà níbàdí tirẹ̀ náà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gun òkè lọ báyìí, kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró mọ́. Ẹ̀rù ba Nadine.

Ó fa báàgì rẹ̀ jáde. Ó kó súìtì sílẹ̀, ó kó ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó wá yọ ìbọn kékeré náà. Ó yọ ọta inú rẹ̀, márùn-ún, ó tò wọ́n sórí kántà. Ó ti ìbọn náà sí àyè kìn-ín-ní nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí kì í gbé ti ẹnikẹ́ni sí, ó fi pẹ́ẹ̀gì kìn-ín-ní há a lára, ó sì fi ìkejì rẹ̀ há ọrùn aṣọ ara rẹ̀.

“Òfin ní mo lè gbé e dání,” ó ní. “Mo ti gbọ́. Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kó wà.”

Wendell wo àtẹ̀gùn, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orrin ló kọ́kọ́ tú ìbọn kúrò níbàdí. Ó gbé e lé kántà, ó tì í síwájú àbúrò rẹ̀.

“Tìẹ rèé,” ó ní. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Wendell gbé èkejì tì í. “Mo fi epo nù ún. O kì í nù ún.”

“Bàbá náà kì í nù ún.”

“Mo mọ̀,” ni Wendell wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ ti ìbọn wọn sí ọ̀dọ̀ Nadine. Ó yọ ọta wọn, ó fún Orrin ní pẹ́ẹ̀gì keje, ó fún Wendell ní ìkẹjọ. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ti ẹni tó ṣì ń lọ. Àwọn Sprague bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pẹ́ẹ̀gì wà létí fìlà wọn.

“Nadine,” Orrin pè é láti ìdajì àtẹ̀gùn, “wo ìdí ẹ̀ o.”

Nadine yí ìdí ìbọn àkọ́kọ́ sókè, ó sún un mọ́ awò ojú rẹ̀. “O,” ó kà á sókè kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ó yí ìdí ìkejì sókè. “W.”